Ìdí iná kábáìdì ní Apo ni mo ti lóye ìmọ́lẹ̀ léésà

Iṣẹ́ tí wọ́n ní kí n wá ṣàlàyé fún kíláàsì wa dá lórí bí wọ́n ṣe ń fi léésà ṣe kábọ́ọ̀nù nanotube, àwọn ọ̀pá oníhò tín-ín-tìn-ín tí ojú lásán kò lè rí. Ọ̀dọ̀ Richard Smalley àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Rice University, Houston, ni ọ̀nà náà ti jáde ní 1995. Wọ́n á po nickel àti cobalt díẹ̀ mọ́ graphite, irú kábọ́ọ̀nù tó wà nínú pẹ́ńsù, wọ́n á gbé e sínú ààrò tó gbóná tó 1200 °C, tí argon, gáàsì tí kì í jẹ́ kí nǹkan jó, ń gba inú rẹ̀ kọjá, wọ́n á wá yin léésà lù ú. Ojú ibi tí léésà bá bà á di ìkùukùu tó ń tàn yòò. Ta ni yóò ki tẹmómítà bọ ibẹ̀? Ìmọ́lẹ̀ yẹn nìkan ni ẹlẹ́rìí. Òun ni wọ́n ń tú sí àwọ̀ rẹ̀ kí wọ́n lè mọ ohun tó wà nínú iná náà àti bó ṣe gbóná tó.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á, kò wọlé. C2 (kábọ́ọ̀nù méjì tó so mọ́ra), C3 (mẹ́ta tó so mọ́ra), ìgbànú Swan (ọ̀já ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ tí C2 ń tàn), orúkọ lásán ni gbogbo wọn lójú mi. Ìgbà tí mo wá rí i pé inú ọwọ́ iná lásán ni William Swan, ará Skọ́tílándì, ti rí àwọn ìgbànú náà tó fi kọ̀wé nípa wọn ní 1857, ọkàn mi fò sí Apo Mechanic Village, ibi tí àwọn mẹkáníìkì pọ̀ sí ní Abuja.

Mo la DVD àtijọ́ kan sí méjì, mo fi téèpù ṣí fàdákà ara rẹ̀ kúrò títí ó fi mọ́ gaara. Ìlà wẹ́wẹ́ ara rẹ̀, bí 1350 nínú mìlímítà kan, ló ń ya ìmọ́lẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú páálí bàtà, mo to abẹ méjì kojú síra ní òdìkejì kí ìmọ́lẹ̀ lè gba àlàfo tín-ín-rín àárín wọn wọlé, mo sì de fóònù mi mọ́ ọn. Gílóòbù energy saver ilé wa ni mo fi wọ̀n ọ́n, torí mẹ́kúrì wà nínú rẹ̀: ìlà búlúù rẹ̀ wà ní nánómítà (òṣùwọ̀n gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀) 435.8, ti àwọ̀ ewé ní 546.1. Pixel 368 ló wà láàárín wọn, ìyẹn ni pé pixel kan jẹ́ nánómítà 0.3.

Ọmọ Òṣogbo ni ẹ̀gbọ́n tó ń jó irin tí mo lọ bá.

“Iná lásán lo fẹ́ yà? Kò sí irin kankan?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n. Iná ni o.”

Wọ́n fún mi ní gíláàsì dúdú, wọ́n sì ṣáná sí gáàsì kábáìdì wọn. Níbi tí ọwọ́ iná náà ti mú ṣóńṣó, àwọ̀ rẹ̀ bọ́ sí àárín búlúù àti ewé. Mo kọjú páálí sí i. Olúwa ò! Ìgbànú mẹ́ta dúró nínú òkùnkùn. Etí tó kọjú sí pupa lára ìkọ̀ọ̀kan mú bí ojú àdá, èkejì ń parẹ́ díẹ̀díẹ̀ lọ síhà búlúù bí àdìrẹ tí aró rẹ̀ ṣàn. C2 nìyẹn, kábọ́ọ̀nù méjì tó so mọ́ra. Mo tẹjú mọ́ ọn títí ọrùn fi dùn mí.

Àfi ìgbà tí mo ṣí kọ̀ǹpútà lórí bẹ́ǹṣì wọn. Etí ìgbànú tó mọ́lẹ̀ jù bọ́ sí 530, bẹ́ẹ̀ 516.5 ló yẹ kó jẹ́. Kẹ̀kẹ́ NAPEP tó gbé mi wá ti gbọn fóònù kúrò ní ààyè rẹ̀. Mo tọrọ iyọ̀ lọ́wọ́ ìyá olóúnjẹ tó wà nítòsí. Ẹ̀gbọ́n ti irin tútù bọ iyọ̀ náà, wọ́n nà án sínú iná, gbogbo rẹ̀ pọ́n bí ọsàn. Sódíọ̀mù inú iyọ̀ nìyẹn, 589 sì ni ìjókòó rẹ̀ níbi gbogbo. Nínú fọ́tò mi, 602 ló wà. Ó fi 13 lé. Mo yọ 13 nínú 530, ó ku 517. Mo pariwo débi pé àwọn ọmọṣẹ́ sáré wá. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú èyí, ibi iṣẹ́ gan-an ni kó ti wọ̀n ọ́n, kó má gbára lé ti ilé.

Lẹ́yìn náà mo bẹ ẹ̀gbọ́n kí wọ́n dín ọ́síjìn kù. Iná fẹ̀, ó pọ́n, ohun dúdú bíi ti ìdí ìkòkò ń fò jáde. Ìgbànú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rì sínú ìmọ́lẹ̀ kan tó tẹ́ láti pupa dé búlúù láìsí àlàfo. Ibẹ̀ ni ìwé náà ti yé mi. Kábọ́ọ̀nù tó ṣì wà ní méjì-méjì, ìgbànú ló fi ń jẹ́ orúkọ ara rẹ̀. Tó bá ti kó jọ di èérún, á máa pọ́n bí irin gbígbóná, bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe pín la sì fi ń mọ ìgbóná rẹ̀. Bó ṣe ń rí náà nìyẹn tí léésà bá lu graphite: C2 àti C3 á kọ́kọ́ tàn, ìmọ́lẹ̀ títẹ́ náà á wá gba ipò wọn bí ìkùukùu náà ṣe ń tutù. Léésà aláwọ̀ ewé tí wọ́n sábà ń lò tiẹ̀ wà ní 532, láàárín ìgbànú 516.5 àti 563.5, torí náà wọn kò gbọdọ̀ má fi fílítà dí i.

C3 nìkan ni mi ò rí. 405 ló wà, kámẹ́rà fóònù mi kò fi bẹ́ẹ̀ ríran níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní kí n padà wá lọ́jọ́ Sátidé, kí n má gbàgbé páálí náà, torí àwọn ọmọṣẹ́ wọn fẹ́ wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan.