Má ṣe wá ìwé ìbéèrè kí o tó wá ìbéèrè: àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú ìwádìí oyè gíga lórí ìgbaninímọ̀ràn àti yíyan iṣẹ́

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ oyè gíga tí ó fẹ́ ṣe ìwádìí lórí ìgbaninímọ̀ràn, tàbí lórí bí ènìyàn ṣe ń yan iṣẹ́, ni ó máa ń wá ìwé ìbéèrè kí ó tó mọ ohun tí òun fẹ́ béèrè. Ó rí òṣùwọ̀n kan, ìyẹn àkójọ ìbéèrè tí a fi ń wọn èrò tàbí ìwà ènìyàn, tí àwọn mìíràn ti lò, ó rí i pé kò gùn, pé kò sì ṣòro láti pín, ni ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá àkòrí tí yóò bá a mu. Ibẹ̀ ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn àṣìṣe yòókù ti ń wọlé.

Ẹni tí kò mọ ohun tí òun ń wá kì í pẹ́ pe ohun méjì ní ọ̀kan. Ìfẹ́ tí ènìyàn ní sí iṣẹ́ kan yàtọ̀ sí agbára tí ó ní láti ṣe é, méjèèjì sì yàtọ̀ sí ìgbàgbọ́ rẹ̀ pé òun lè ṣe é. Albert Bandura, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, ni ó gbé èrò nípa irú ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ ní 1977. Nígbà tí ó di 1981, Gail Hackett àti Nancy Betz lò ó láti ṣàlàyé ìdí tí àwọn obìnrin kan fi ń yẹra fún iṣẹ́ tí a kà sí ti ọkùnrin, bí wọ́n tilẹ̀ ní ọpọlọ rẹ̀. Bí o bá bi olùkópa bóyá ó dá a lójú pé òun lè yanjú ìṣirò, ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni o wọ̀n. Má ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ pé agbára ìṣirò rẹ̀ ni, nítorí pé ìyàtọ̀ àárín méjèèjì gan-an ni ó mú kí èrò náà wúlò.

Èyí tí ó tún burú ni kíkó tíọ́rì, ìyẹn àlàyé tí àwọn onímọ̀ ṣe nípa bí nǹkan ṣe ń ṣẹlẹ̀, jọ. A ó bẹ̀rẹ̀ láti orí Frank Parsons, tí ìwé rẹ̀ lórí yíyan iṣẹ́ jáde ní 1909 lẹ́yìn ikú rẹ̀, a ó kan John Holland àti oríṣi ènìyàn mẹ́fà tí ó là sílẹ̀, a ó kan Donald Super, a ó sì parí rẹ̀ sọ́dọ̀ Lent, Brown àti Hackett, tí wọ́n gbé tíọ́rì tiwọn ka orí èrò Bandura ní 1994. Orí kejì ìwé àpilẹ̀kọ, níbi tí a ti ń yẹ iṣẹ́ àwọn onímọ̀ wò, yóò kún dẹ́múdẹ́mú, ṣùgbọ́n nígbà tí a bá dé orí kẹrin, níbi tí a ti ń sọ àbájáde ìwádìí, a kò ní gbúròó ẹnì kankan nínú wọn mọ́. Ìbéèrè kan náà kọ́ ni àwọn onímọ̀ wọ̀nyí ń dáhùn. Bí ènìyàn àti ibi iṣẹ́ rẹ̀ ṣe bára mu ni Holland ń wò. Bí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ṣe ń yí padà láti ìgbà èwe títí di ọjọ́ ogbó ni Super ń wò. Lójú tèmi, tíọ́rì kan tí o lò dé òpin sàn ju mẹ́rin tí o kàn kí lọ́nà lọ.

Ẹni tí ó bá sì mú ti Super gbọ́dọ̀ ṣọ́ra, nítorí pé kò lè pín ìwé ìbéèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láàárín ọ̀sẹ̀ kan kí ó wá sọ pé òun ti rí ìdàgbàsókè. Ìwádìí ọjọ́ kan lè fi hàn pé àwọn tí ọkàn wọn balẹ̀ nípa agbára ara wọn ni wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiyèméjì nípa iṣẹ́ tí wọn yóò yàn, ṣùgbọ́n kò lè sọ èyí tí ó fa èkejì. Ó lè jẹ́ pé ìfọkànbalẹ̀ ni ó mú ìpinnu wá. Ó sì lè jẹ́ pé ẹni tí ó ti pinnu tán ni ọkàn rẹ̀ wá balẹ̀. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń sá di ìgbésẹ̀ tí Baron àti Kenny là sílẹ̀ ní 1986 fún wíwo ohun tí ó dúró láàárín okùnfà àti àbájáde, bí ẹni pé ìṣirò náà lè ṣe ẹlẹ́rìí ohun tí kò ṣojú rẹ̀. Kò lè ṣe é. Bí o kò bá lè padà lọ bá àwọn olùkópa lẹ́yìn oṣù díẹ̀, kọ ọ́ pé ohun méjì náà jọ ń rìn, má sì lo ọ̀rọ̀ náà «fa» rárá.

Ní ti òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀, má ṣe rò pé ohun tí ó ṣiṣẹ́ níbì kan gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ níbi gbogbo. Nígbà tí Savickas àti Porfeli gbé òṣùwọ̀n wọn nípa bí ènìyàn ṣe ń mú ara bá ìyípadà iṣẹ́ mu jáde ní 2012, orílẹ̀-èdè 13 ni wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, gbólóhùn 24 ni ó sì ní. Síbẹ̀, àbọ̀ wọn kò ti ẹni tí ó kàn fẹ́ fi ìpíndọ́gba orílẹ̀-èdè kan wé ti òmíràn lẹ́yìn. Má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé álífà Cronbach, ìyẹn nọ́ńbà tí ó ń fi hàn bí ìdáhùn sí àwọn gbólóhùn òṣùwọ̀n ṣe bára mu tó, nìkan, nítorí pé bí o bá béèrè ohun kan náà lọ́nà mẹ́wàá, álífà yóò ga, kò sì ní sọ fún ọ bóyá ohun tí o fẹ́ wọ̀n ni o wọ̀n.

Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kò yọ ẹnikẹ́ni nínú èyí: ohun tí ènìyàn méjìlá sọ lè là wá lójú gidigidi, ṣùgbọ́n kò lè sọ iye àwọn tí ó rí bẹ́ẹ̀ láwùjọ.

Èyí tí ó kù kọjá ọ̀rọ̀ ìṣirò. Bí ó bá jẹ́ pé ìwọ ni o ń gba ẹnì kan nímọ̀ràn, má ṣe fi í ṣe olùkópa nínú ìwádìí rẹ. Yóò ṣòro fún un láti kọ̀ fún ẹni tí ó mọ àṣírí rẹ̀. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, jẹ́ kí ẹlòmíràn bá ọ bi í, kí ó sì yé e pé bí ó bá tilẹ̀ kọ̀, ìgbaninímọ̀ràn rẹ̀ kò ní dúró. Ìyọ̀ǹda tí ó fún ọ láti gbọ́ ìṣòro rẹ̀ kọ́ ni ìyọ̀ǹda láti kọ ọ́ sínú ìwé àpilẹ̀kọ, nítorí náà àkọsílẹ̀ ti tẹ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ inú ìwádìí láìjẹ́ pé o tún gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀.