Bẹ́ ẹ ṣe máa kó ẹ̀rọ ìwòsàn lọ tà ní Jàmáíkà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ronú àtikó ẹ̀rọ ìwòsàn lọ sí Jàmáíkà, ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀ látorí iye owó o, iná ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Iná wọn níbẹ̀ 110V (fóltì) ni, àmọ́ 50Hz ni, ìyẹn ni pé ìgbà àádọ́ta ló ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ tún un kà dáadáa. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà máa ń jẹ́ 120V, 60Hz, èyí tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù máa ń jẹ́ 230V, 50Hz, kò sí èyí tó bá ti Jàmáíkà mu tán nínú méjèèjì. Púlọ́ọ̀gì Amẹ́ríkà á wọ ihò iná wọn wẹ́rẹ́, ohun tó sì ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ nìyẹn, torí ohunkóhun tó bá ń yí tààrà nípa iná, bíi centrifuge ti láàbù, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi eré yí ẹ̀jẹ̀ kó lè pín sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tàbí páǹpù, tó bá jẹ́ 60Hz ni wọ́n ṣe é fún, á máa falẹ̀ ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà, á tún máa gbóná, tiránsífọ́mà ò sì lè tún ìyẹn ṣe torí fóltì nìkan ló ń yí padà. Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà. Tẹ́ ẹ bá rí 100-240V, 50/60Hz níbẹ̀, ó ti dáa. Tẹ́ ẹ ò bá rí i, ẹ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó ṣe é, kẹ́ ẹ gba èsì wọn sórí ìwé kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ó wá kan ẹni tó máa rà á. Láti 1 oṣù kẹrin 2008 ni ìjọba ibẹ̀ ti ní káwọn aráàlú má sanwó mọ́ ní ọsibítù ìjọba, ìyẹn ni pé ọsibítù ò lè máa fi owó aláìsàn dá owó ẹ̀rọ padà, inú bọ́jẹ́ẹ̀tì ni gbogbo ẹ̀ ti ń wá. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ ni pé ẹ̀rọ tí owó ẹ̀ kéré àmọ́ tó ń jẹ kẹ́míkà àti fílítà olówó gọbọi lóṣooṣù máa dákẹ́ sí kọ̀rọ̀ kan ni, ẹ jẹ́ ká máa ro ti aláìsàn tó fẹ́ lò ó. Àjọ ìlera mẹ́rin ló pín ọsibítù ìjọba láàárín ara wọn: South East tó ní Kingston, North East, Western tó ní Montego Bay, àti Southern. Orí GOJEP, ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì tí ìjọba fi ń pe tẹ́ńdà, ni kẹ́ ẹ forúkọ sílẹ̀ sí. Kílíníìkì aládàáni ń yára dáhùn ju ìjọba lọ, ẹ bá ẹni tó ni ín sọ̀rọ̀ tààrà.

Ìwé ńkọ́? Standards and Regulation Division ní ilé iṣẹ́ ètò ìlera wọn ló ń bójú tó pámíìtì, ẹni tó ń gbé ọjà wọlé níbẹ̀ ni kó lọ gbà á, kó sì ti wà lọ́wọ́ kí ọjà tó kúrò nílẹ̀. X-ray àti CT, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi X-ray ya àwòrán inú ara látìhà gbogbo, tún ní tiwọn lọ́tọ̀, Hazardous Substances Regulatory Authority tí òfin 2015 dá sílẹ̀ ló ni ìyẹn. Lórí ínfọ́ìsì, ẹ má kọ "ẹ̀rọ ìwòsàn" lásán, ẹ kọ orúkọ, módẹ́ẹ̀lì, nọ́ńbà ara ẹ̀rọ àti nọ́ńbà HS táwọn aṣọ́bodè fi ń dá irú ọjà mọ̀: 9018 fún ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ dókítà, 9019 fún ti ọ́síjìn, 9022 fún X-ray, 9402 fún bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Ọjà tó bá ju US$5,000 lọ nílò broker, ìyẹn aṣojú tó ń báni gba ọjà lọ́wọ́ aṣọ́bodè, tó ní láísẹ́ǹsì, iye ọjà pẹ̀lú owó ọkọ̀ àti ínṣúráǹsì làwọn aṣọ́bodè sì ń ṣírò owó ibodè lé lórí.

Ìjì líle ń jà níbẹ̀ láti oṣù kẹfà sí ìparí oṣù kọkànlá. Ní 28 oṣù kẹwàá 2025, ìjì tí wọ́n pè ní Melissa wọlé ní ìwọ̀n Category 5, èyí tó le jù, ó ba ọsibítù Black River jẹ́ gan-an. Torí náà ẹ wé ẹ̀rọ sínú ọ̀rá tí omi ò lè wọ̀, ẹ ju ohun tó ń fa ọ̀rinrin mu sí i, kẹ́ ẹ sì kọ bátìrì tó lè gbé e fúngbà díẹ̀ tíná bá lọ mọ́ ọn nínú iye tẹ́ ẹ bá pè.

Ní ti àlòkù, tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbọ́ tèmi, ẹ̀rọ tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ò ṣe spare parts ẹ̀ mọ́, ẹ má gbé e lọ, ì báà jẹ́ ọ̀fẹ́. Ìwádìí kan tó jáde ní 2011 rí i pé nǹkan bíi 38% ẹ̀rọ ìwòsàn láwọn ibi tí owó ò ti fi bẹ́ẹ̀ sí ni kò ṣiṣẹ́, ẹni tí ìyà ẹ̀ sì ń jẹ ni ìyá tó gbé ọmọ wá tí wọ́n ní ẹ̀rọ ti bàjẹ́.

Nítorí ẹ̀, ẹ fi owó títún un ṣe sínú iye tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ pè, ẹ má fi pamọ́ dìgbà tó bá yá. Ẹ wá ẹnjiníà tó ń gbé erékùṣù náà, ẹ sanwó fún un kó lọ kọ́ ẹ̀rọ náà lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, kẹ́ ẹ kó àwọn nǹkan tó tètè ń bàjẹ́ bíi wáyà, fílítà, fíúsì àti bátìrì, èyí tí wọ́n lè lò fún ọdún méjì, sínú kọ̀ńténà kan náà, torí tẹ́ ẹ bá ń fi wọ́n ránṣẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, owó ọkọ̀ á ju owó wọn lọ. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ kalẹ̀, ẹ dán an wò níṣojú nọ́ọ̀sì tó máa lò ó, kì í ṣe ọ̀gá nìkan, kó tẹ bọ́tìnnì fúnra ẹ̀, kí gbogbo yín wá fọwọ́ síwèé pé ó ṣiṣẹ́. Ọjọ́ yẹn ni kí warantí bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí ọkọ̀ ojú omi gbéra, ẹ kọ ìyẹn sínú àdéhùn. Ẹ so owó tó kẹ́yìn mọ́ ìwé yẹn náà, kí ẹni tó rà á lè san án wọ́ọ́rọ́wọ́, kẹ́ ẹ sì pè é ní dọ́là Amẹ́ríkà.