Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nípa àwòrán tí a fi ń mọ ibi tí jẹjẹrẹ àpòlúkù dé

Nígbà tí wọ́n bá ti ki ẹ̀rọ gba ọ̀nà ọ̀fun wo àpòlúkù, tí wọ́n gé ẹran bíńtín níbẹ̀, tí àyẹ̀wò sì jẹ́rìí pé jẹjẹrẹ ni, ohun tí ó kù láti mọ̀ ni ibi tí ó dé. Àwọn ẹbí a wá máa béèrè èwo ni ó dára jù nínú àwọn àwòrán, kí wọ́n lè san owó ẹyọ kan péré. Mo mọ bí owó ṣe ń rí lára ẹni tí ó ń fi àpò ara rẹ̀ tọ́jú aláìsàn, ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn gan-an ni àṣìṣe àkọ́kọ́, nítorí ohun tí àwòrán kọ̀ọ̀kan ń wá yàtọ̀ sí ti èkejì.

CT scan, ẹ̀rọ tí ó ń fi ìtànṣán X-ray ya àwòrán inú ara ní ìpín-ìpín, láti àyà títí dé ìbàdí, pẹ̀lú oògùn tí wọ́n ń gún sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ kí àwòrán lè hàn kedere, ni ó yẹ kí ó ṣáájú, torí pé òun ni ó ń wo ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀fóró àti àyíká àpòlúkù lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má ṣe kọ omi tí wọ́n bá ní kí aláìsàn mu kí ó tó wọlé: àpòlúkù tí kò kún a máa ká jọ, ògiri rẹ̀ a sì dà bí ohun tí ó nípọn níbi tí kò sí nǹkan kan.

Èyí tí ó ń dùn mí jù ni kí èèyàn ka "CT mọ́" sí "kò tíì tàn." Jẹjẹrẹ yìí a máa fọ́n ká sórí awọ fẹ́lẹ́ tí ó tẹ́ inú ikùn, bí ẹyọ jéró tí a dà sórí aṣọ, àwọn èyí tí kò sì tó mílímítà 5 a máa bọ́ mọ́ CT lójú. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà fi ń lu ihò kékeré sí ikùn, tí wọ́n ń ki kámẹ́rà bọ̀ ọ́, tí wọ́n sì ń fi omi ṣan inú rẹ̀ láti wá jẹjẹrẹ nínú omi náà. Bí wọ́n bá rí i níbẹ̀, ìpele kẹrin, èyí tí ó ga jù, ni a kà á sí, bí awọ náà tilẹ̀ mọ́ lójú. Ẹ má ṣe sọ pé ìyà àfikún ni. Ó lè gba aláìsàn lọ́wọ́ iṣẹ́ abẹ ńlá tí kò ní ṣe é láǹfààní.

Ẹ má sì fi ìtóbi nìkan dá lymph node, kókó kéékèèké tí ó ń bá ara gbógun ti àrùn, lẹ́jọ́: kékeré lè ní jẹjẹrẹ nínú, ńlá sì lè jẹ́ wíwú lásán.

EUS, ẹ̀rọ tí ó ń gba ẹnu wọlé láti fi ìró yàwòrán ògiri àpòlúkù, a máa fi ìpele márùn-ún tí ó tò léra wọn nínú ògiri náà hàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wúlò gidi bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá àrùn ṣì wà lójú ògiri náà tàbí ó ti wọ inú ẹran iṣan rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè rí ibi tí ó jìnnà, èsì rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ẹni tí ó dì í mú.

Ní ti PET/CT, àwòrán tí ó ń tọpa ṣúgà tí wọ́n gún sínú ara kí ibi tí jẹjẹrẹ ti ń gbà á lè tàn yòò, àwọn irú jẹjẹrẹ àpòlúkù kan wà tí kì í fi bẹ́ẹ̀ gba ṣúgà náà, pàápàá èyí tí ó ń tàn káàkiri inú ògiri láìdi kókó. Àwòrán tí kò tàn yòò níbẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí àlàáfíà.

Bí ẹ bá ń lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn, ẹ má ṣe gbé ìwé èsì nìkan dání. Ẹ gba díìsì àwòrán náà, kí dókítà tí yóò ṣe iṣẹ́ abẹ lè fi ojú ara rẹ̀ wò ó.