Wáyà Jíà Kẹ̀kẹ́: Bí Mo Ṣe Ń Pààrọ̀ Rẹ̀ Nínú Ṣọ́ọ̀bù Ìránṣọ Mi

Aránṣọ ni mí, Ìbàdàn ni mo ń gbé. Tòkunbọ̀ ni kẹ̀kẹ́ mi, kẹ̀kẹ́ eré ìje tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀ bí ìwo àgbò: jíà Shimano Tiagra, àwo eléyín mẹ́sàn-án lẹ́yìn, méjì níwájú. Àárọ̀ Sátidé ni mo máa ń gùn ún kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, Òkè Àrẹ ni mo sì máa ń fi parí rẹ̀, níbi Láyípo, torí ẹni tó bá gun òkè yẹn tán, kò sí oníbàárà tó tún lè bí i nínú lọ́jọ́ náà. Ibẹ̀ ni wáyà jíà ti já mọ́ mi lọ́wọ́. Mo tẹ lẹ́fà tí a fi ń pààrọ̀ jíà, kí ṣéènì lè gun àwo ńlá lẹ́yìn, mo gbọ́ "táù", ṣéènì bá sọ̀ kalẹ̀ wìì sí àwo tó kéré jù, èyí tó le jù láti wà lórí òkè. Ẹsẹ̀ ni mo fi parí ìyókù.

Mo gbé e lọ fún ọ̀gá kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Èèpo wáyà bíréèkì, ìyẹn rọ́bà tí wáyà ń gba inú rẹ̀ kọjá, ló gé sí ti jíà. Nígbà tí jíà kọ̀ tí kò wọlé, ó mú sukudiráfà, gbogbo síkúrúù tí ojú rẹ̀ bá ti rí ló ń yí. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kì í ṣe wáyà yìí náà ni?" Ó ní, "Àbúrò, ṣé mo ti dá sí ṣòkòtò tí ò ń rán rí?" Mo dákẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ṣéènì fò kọjá àwo ńlá, ó kó sáàárín sípóòkù, mẹ́ta já nínú wọn. Àtìgbà náà ni mo ti ń ṣe é fúnra mi, lórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí kálukú ń ṣe. Apá onírin tó rọ̀ sẹ́yìn, tó ń gbé ṣéènì láti àwo kan bọ́ sí òmíràn, derailleur ni wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. Apá jíà ni èmi ń pè é. Sípíríǹgì wà nínú rẹ̀. Lẹ́fà ló ń fi wáyà fà á lọ sí àwo ńlá, sípíríǹgì ló ń dá a padà sí àwo kékeré. Nítorí náà, tó bá jẹ́ pé gígùn sí àwo ńlá ló ń ṣòro, wáyà ló dẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé bíbọ̀ sí àwo kékeré ló ń lọ́ra, tí ẹ tẹ lẹ́fà tán tí ṣéènì ṣì ń rò ó kó tó bọ́, wáyà ti ń há nínú èèpo nìyẹn. Ìpẹtà ni, tàbí eruku ọyẹ́ tó bá òjò ọdún tó kọjá pò síbẹ̀. Sípíríǹgì kò lágbára tó láti fà á gba inú ìdọ̀tí. Bí òwú bá ń há lára bọ́bìnì máṣíìnì, ẹ lè máa yí tẹ́ńṣọ̀n títí ilẹ̀ á fi ṣú, ojú rírán kò ní dáa. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí. Ẹ pààrọ̀ wáyà àti èèpo pọ̀, ẹ fi síkúrúù sílẹ̀ ná.

Ọ̀rọ̀ ọjà rírà wá kàn. Wáyà jíà tẹ́ẹ́rẹ́, mìlímítà 1.2 ni, ti bíréèkì tó nǹkan bíi 1.6, orí rẹ̀ tóbi, kò lè wọ ihò lẹ́fà jíà. Ti ọ̀kadà kò tilẹ̀ sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá, mo ti dán an wò, owó ṣòfò ni. Ti èèpo ló ń da àwọn ènìyàn láàmú, torí ní ojú lásán, ìkan náà ni wọ́n jọ. Ẹ gé ẹnu rẹ̀ wò. Èèpo bíréèkì, irin pẹlẹbẹ kan ṣoṣo ló lọ́ yíká nínú rẹ̀ bíi sípíríǹgì. Èèpo jíà, irin tín-ín-rín púpọ̀ ló tò gbọọrọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ìgbálẹ̀ tí wọ́n dì. Èyí tó lọ́ yíká máa ń sún kì díẹ̀ tí wáyà bá le. Bíréèkì kò bìkítà fún díẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n lórí jíà aláwo mẹ́sàn-án ti Shimano, nǹkan bíi mìlímítà 2.5 péré ni lẹ́fà ń fa wáyà nígbà kọ̀ọ̀kan, tí èèpo bá ti jẹ nínú rẹ̀, jíà kò ní wọlé mọ́. Ohun tó ṣe tèmi nìyẹn. Ẹ má sì ṣe òdìkejì rẹ̀ láéláé: èèpo jíà lára bíréèkì lè bẹ́ nígbà tí ẹ bá fún bíréèkì mọ́lẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Irinṣẹ́ kò pọ̀. Alẹn-kíì nọ́ńbà 5, sukudiráfà tí ẹnu rẹ̀ rí bí àgbélébùú, pílíyà tó mú dáadáa, abẹ́rẹ́, pépà sáńdì, òróró máṣíìnì. Sísọ́ọ̀sì aṣọ kò gbọdọ̀ sún mọ́ ibẹ̀.

Ẹ ya fọ́tò ọ̀nà tí wáyà àtijọ́ gbà. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé táyà ẹ̀yìn sókè, ẹ máa yí pẹ́dàlì, kí ẹ sì tẹ lẹ́fà títí ṣéènì á fi dé àwo tó kéré jù. Tí ó bá débẹ̀, ẹ tún tẹ lẹ́fà náà lẹ́ẹ̀mejì sí i. Ẹ̀tàn wà níbẹ̀: ṣéènì lè ti dé ìsàlẹ̀ nígbà tí inú lẹ́fà kò tíì dé, orí wáyà kò sì ní bá ihò tó fẹ́ gbà jáde dọ́gba. Ẹ tú nọ́ọ̀tì tó di wáyà mú lára apá jíà, kí ẹ wo ipa tí wáyà tẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ dáadáa, torí ibẹ̀ gan-an ni tuntun máa gbà. Ẹ gé ìdí wáyà tó ti tú wúruwùru, ẹ yọ àwọn èèpo. Lórí irú lẹ́fà tèmi, tí wáyà rẹ̀ yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fún bíréèkì wọlé, ẹ ó rí ihò kékeré ní ìhà ìta. Ẹ ti wáyà láti ẹ̀yìn, orí rẹ̀ á yọ jáde níbẹ̀ bí orí ìjàpá.

Bí wáyà bá ti já sínú lẹ́fà, ẹ gba kámú. Tèmi, orí rẹ̀ kù sínú ihò pẹ̀lú fọ́nrán mẹ́rin tàbí márùn-ún tó ta kókó mọ́ra wọn. Iná fóònù ni mo tàn sí i, mo fi abẹ́rẹ́ ńlá fà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń tú aṣọ tí wọ́n rán ṣì, ó lé ní wákàtí kan. Nínú ìjàkadì yẹn, ẹ má tẹ lẹ́fà. Ṣe ló máa wé fọ́nrán mọ́ inú. Àmì tí mo kọbi ara sí láti ìgbà náà ni pé jíà tó ń ṣe dáadáa tẹ́lẹ̀, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tí mo fi ń fà á lójoojúmọ́, fọ́nrán rẹ̀ ti ń já lọ́kọ̀ọ̀kan nínú lẹ́fà. N kì í dúró kó já tán mọ́.

Gígé èèpo ni mo fẹ́ràn jù, bóyá torí iṣẹ́ mi ni. Mẹ́ta ni ẹ máa gé: méjì níwájú, láti lẹ́fà kọ̀ọ̀kan dé ara fúrémù, àti ọ̀kan kúkúrú tó tẹ̀ kọrọdọ wọ apá jíà ẹ̀yìn. Ìyẹn ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́, torí gbogbo omi tí táyà bá gbọ́n, ojú rẹ̀ ló ń dà sí. Ẹ tẹ́ àtijọ́ sílẹ̀, ẹ wọn tuntun lé e bí ẹni wọn apá aṣọ. Kí ẹ tó gé e, ẹ ti àfọ́kù wáyà àtijọ́ sínú rẹ̀, ẹ wá gé méjèèjì pọ̀. Rọ́bà inú rẹ̀ kò ní fún pọ̀. Bó ti wù kó rí, pílíyà á ṣì tẹ ẹnu rẹ̀ díẹ̀. Ẹ fi pépà sáńdì há a kí ó tẹ́jú pẹrẹsẹ, kí ẹ wá ki abẹ́rẹ́ bọ ihò funfun tó wà láàárín, kí ẹ fi yí i títí yóò fi ṣe roboto. Ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Bí ihò bá ṣe jọ ojú ẹni tó ń sùn, ẹ tún un ṣe. Fìlà irin kékeré ni ẹ máa dé sí ẹnu kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ẹ bá to ti iwájú tán, ẹ yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ dé òpin sọ́tùn-ún àti sósì. Bí èèpo bá le tantan, ó kúrú.

Ẹ fi òróró máṣíìnì díẹ̀ pa wáyà tuntun, kí ẹ sì rọra tì í wọlé. Ẹ má jẹ́ kó tẹ̀ kán níbì kankan, wáyà tó bá ti tẹ̀ kán, títún un nà kò lè sọ ọ́ di tuntun. Lábẹ́ kẹ̀kẹ́, níbi tí pẹ́dàlì ti so mọ́ fúrémù, rọ́bà líle kan wà tí wáyà méjèèjì ń gbà kọjá. Ẹ fọ̀ ọ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dojú kẹ̀kẹ́ mi dé, amọ̀ ibẹ̀ tó ohun tí èèyàn lè fi gbin ata.

Ó wá kan síkúrúù méjì tí wọ́n kọ H àti L sí lẹ́bàá wọn, àwọn tí ọ̀gá ọjọ́sí yí bí ẹni yí àyò. Ògiri lásán ni wọ́n. H kì í jẹ́ kí ṣéènì já kọjá àwo kékeré, L kì í jẹ́ kó já sínú sípóòkù. Kí ẹ tó di wáyà mú, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ẹ wò ó bóyá kẹ̀kẹ́ wẹ́wẹ́ ti òkè lára apá jíà wà nísàlẹ̀ àwo tó kéré jù gan-an. Tí kò bá sí níbẹ̀, H ni ẹ máa yí. Ẹ wá fi ọwọ́ ti apá jíà lọ dé àwo tó tóbi jù, kí ẹ sì máa rọra yí pẹ́dàlì: kò gbọdọ̀ lè kọjá rẹ̀. L ni ti ibẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kàn wọ́n rí, ó ṣeé ṣe kí ẹ má ní ohun kankan láti yí.

Kókó roboto tí à ń fọwọ́ yí wà níbi tí èèpo ti wọ apá jíà. Ẹ yí i wọlé tán, kí ẹ dá a padà ní àyíká kan. Ẹ fa wáyà le pẹ̀lú ọwọ́ kan, ẹ fi ọwọ́ kejì di nọ́ọ̀tì. Bí ẹ bá ní sípánà tó ń ka agbára, Nm 6 tó. Ẹ wá di wáyà mú lábẹ́ fúrémù, kí ẹ fà á jìnnà sí irin bí okùn ọrun, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Yóò dẹ̀. Wọ́n máa ń ní wáyà ló gùn sí i, àmọ́ èèpo àti fìlà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó sí àyè wọn. Ẹ tú nọ́ọ̀tì, ẹ tún un fà.

Ó kù kí a yí i dọ́gba. Ẹ máa wa pẹ́dàlì, ẹ tẹ lẹ́fà lẹ́ẹ̀kan, láti àwo tó kéré jù sí èkejì. Tí kò bá gùn ún, ẹ yí kókó roboto lòdì sí bí ọwọ́ aago ṣe ń lọ, bí ẹ bá dúró lẹ́yìn kẹ̀kẹ́: ìdajì àyíká, kí ẹ tún dán an wò. Tó bá wà lórí èkejì, ẹ máa yí i lọ díẹ̀díẹ̀ títí ṣéènì á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ha àwo kẹta, ṣẹ̀ẹ́-ṣẹ̀ẹ́-ṣẹ̀ẹ́. Ẹ wá dá a padà títí ariwo náà á fi dákẹ́, kí ẹ dúró síbẹ̀. Ẹ gùn ún lọ sókè, ẹ bọ̀ sílẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí gbogbo rẹ̀ bá ń gòkè dáadáa tó sì ń lọ́ra láti sọ̀ kalẹ̀, ẹ má tún fọwọ́ kan kókó mọ́. Ẹ padà lọ wo ẹnu èèpo tí ẹ gé.

Ti iwájú rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣéènì wà lórí àwo kékeré, ẹ fa wáyà le, ẹ dì í. Àlàfo tó wà láàárín irin ìta lára apá jíà iwájú àti eyín àwo ńlá gbọ́dọ̀ wà láàárín mìlímítà 1 sí 3, kí irin náà sì bá àwo lọ ní gbọọrọ.

Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá wọlé tán ni kí ẹ tó gé ìyókù wáyà, kí ẹ ṣẹ́ nǹkan bíi ìka ọwọ́ kan kù, kí ẹ sì dé e ní fìlà. N kò ní fìlà lọ́jọ́ náà, gúlúù ẹ̀kán kan ni mo fi lẹ fọ́nrán rẹ̀ pọ̀, ó ṣì wà bẹ́ẹ̀ di òní. Lẹ́yìn ìrìn méjì àkọ́kọ́, kókó roboto máa ń fẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin àyíká sí i.

Àwọn fọ́nrán tó já sílẹ̀ kò ṣeé fi ìgbálẹ̀ gbá. Ṣe ni wọ́n ń fara pamọ́ sínú ẹ̀já aṣọ. Mágnẹ́ẹ̀tì tí mo fi ń ṣa abẹ́rẹ́ ni mo máa ń fà káàkiri ilẹ̀, torí ọmọ mi kì í wọ bàtà nínú ṣọ́ọ̀bù.