Mimosa: Bí A Ṣe Ń Po Omi Ọsàn Mọ́ Wáìnì Tó Ń Hó fún Oúnjẹ Ìyálẹ̀ta

Ní Òṣogbo, ìsọmọlórúkọ kì í pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Kí ó tó di ìyálẹ̀ta, àdúrà ti parí, àlejò ti jókòó, àkàrà àti mọ́ínmọ́ín ti délẹ̀, gbogbo ẹnu sì ti ń wá ohun tútù. Mimosa bá irú àkókò bẹ́ẹ̀ mu gan-an. Ohun méjì péré ló wà nínú rẹ̀, omi ọsàn àti wáìnì tó ń hó, ní ìwọ̀n kan náà. Ara òdòdó kan tó ní àwọ̀ ìyeyè ni wọ́n sì ti mú orúkọ rẹ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Buck's Fizz, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pò ní Buck's Club ní 1921, ṣùgbọ́n wáìnì ti ẹ̀gbọ́n yìí jẹ́ ìlọ́po méjì omi ọsàn rẹ̀.

Ọsàn ni kí a kọ́kọ́ mú, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fojú kéré. Èèpo ọsàn tiwa lè ṣì jẹ́ àwọ̀ ewé nígbà tí inú rẹ̀ ti pọ́n tán, nítorí òru wa kì í tutù tó èyí tí í sọ èèpo ọsàn di pupa nílẹ̀ òkèèrè. Ó sábà máa ń dùn, kò sì fi bẹ́ẹ̀ kan. Láti nǹkan bí oṣù kẹwàá títí di oṣù kẹta ni ó máa ń pọ̀ lọ́jà. Ní oṣù kẹjọ, nígbà tí àlejò ọdún Ọ̀ṣun bá kún ìgboro, èyí tó dára máa ń ṣọ̀wọ́n. Igo wáìnì kan, tí í ṣe 750 ml, ń fẹ́ omi ọsàn 750 ml, nítorí náà ẹ ra ọsàn 12 sí 15 tó wúwo lọ́wọ́, kí ẹ má sì ra èyí tí wọ́n ti bó sílẹ̀ láti àárọ̀. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ là á sí méjì, kí ẹ sì fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí ẹ bá fún un títí tí kóró fi fọ́, yóò korò, ṣúgà kò sì lè tún un ṣe. Asẹ́ tó kúnná ni kí ẹ fi sẹ́ ẹ, nítorí ara èérún ọsàn ni afẹ́fẹ́ inú wáìnì máa ń rọ̀ mọ́ tí yóò fi hó jáde lẹ́ẹ̀kan náà, tí ohun mímu yóò sì ti kú kó tó dé ẹnu. Bí ó bá di dandan kí ẹ lo ti inú páálí, ẹ rí i dájú pé wọ́n kọ 100% sí i lára.

Nítorí adùn ọsàn wa yìí ni kò fi yẹ kí wáìnì náà tún dùn. Ọ̀rọ̀ tí ẹ óò wá lára igo ni Brut, tó túmọ̀ sí pé ṣúgà rẹ̀ kò tó gíráàmù 12 nínú lítà kan. Ẹ má jẹ́ kí Extra Dry tàn yín jẹ, ó dùn ju Brut lọ. Demi-Sec, tí ọ̀pọ̀ wa fẹ́ràn lóde àríyá, máa ń ní gíráàmù 32 sí 50. Kò sì di dandan kó jẹ́ Champagne, tí í ṣe wáìnì agbègbè kan nílẹ̀ Faransé. Owó gọbọi tí ẹ bá ná lé e lórí, abẹ́ omi ọsàn ni yóò ṣòfò sí. Prosecco ti Ítálì tàbí Cava ti Sípéènì ti tó. Bí ó bá jẹ́ èmi, Cava ni mo máa mú.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni títutù. A kì í fi áìsì sínú mimosa, nítorí yóò yọ́, yóò sì là á, nítorí náà wáìnì àti omi ọsàn gbọ́dọ̀ ti tutù nini kí wọ́n tó pàdé. Bí iná bá wà, wákàtí mẹ́ta nínú fíríìjì ti tó, ṣùgbọ́n ta ló lè búra fún iná? Kúlà ni mo gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹ fọ́ áìsì sí wẹ́wẹ́, ẹ bu omi sí i títí yóò fi dé ọrùn igo, kí ẹ sì da ìkúnwọ́ iyọ̀ kan sí i. Áìsì nìkan kì í fara kan gbogbo ara igo. Omi ló ń gbé òtútù yí i ká, iyọ̀ sì ń jẹ́ kí omi náà tutù sí i. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 ni igo yóò ti ṣetán. Ẹ má gbé e sínú fíríísà kí ẹ gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, nítorí ó lè bẹ́.

Agbára tó wà nínú igo Champagne lè ju ìlọ́po méjì agbára inú táyà ọkọ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí n kò fi fẹ́ràn kí alága ìjókòó máa mi igo jìgìjìgì kó tó ṣí i. Ẹ bó bébà dídán kúrò, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ orí kọ́ọ̀kì, kí ẹ sì yí wáyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà láì gbé àtàǹpàkò yẹn kúrò. Ẹ dẹ igo sí ẹ̀gbẹ́ kan tí kò sí ojú ẹnikẹ́ni, ẹ di kọ́ọ̀kì mú ṣinṣin, kí ẹ wá máa yí ìdí igo. Bí ẹ bá ṣe é dáadáa, ìmí kékeré lásán ni yóò mí.

Ẹ dẹ ife tó tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ rọra da wáìnì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dé ìdajì, kí ẹ wá fi omi ọsàn kún un. Àwọn kan máa ń kọ́kọ́ bu omi ọsàn, ṣùgbọ́n mo rí i pé ìhó rẹ̀ máa ń kún ju ife lọ bẹ́ẹ̀. Omi ọsàn wúwo ju wáìnì lọ, fúnra rẹ̀ ni yóò rì tí yóò sì pò. Ẹ má fi ṣíbí rò ó bí aláró ṣe ń ro ìkòkò aró. Ẹ má sì pò ó sínú jọ́ọ̀gì sílẹ̀ de àlejò. Igo kan á tó nǹkan bí ife 10 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 150 ml.

Bí wáìnì bá ní ọtí 12%, nǹkan bí 6% ni yóò kù nínú ife, èyí tó ju ti ọ̀pọ̀ bíà lọ díẹ̀, adùn ọsàn sì máa ń bò ó mọ́lẹ̀. Fún àwọn tí kì í mu ọtí, tí wọ́n pọ̀ lóde wa, àti fún aboyún, awakọ̀ àti ọmọdé, ẹ lo omi èso àjàrà funfun tó ń hó tí kò ní ọtí rárá. Ó dùn gan-an, nítorí náà ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ sí i. Àwọ̀ méjèèjì jọra, ẹ gbé wọn sórí àwo ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì so àjákù àdìrẹ tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ẹsẹ̀ ife tí kò ní ọtí, kí ẹni tó ń gbé e kiri má baà ṣì í gbé fún ààfáà.