Ẹ má ya shaft bíi pé ọ̀run ló ti jábọ́: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú CAD

Ohun tó bá ti bọ́ kúrò lára irin nídìí lathe (ẹ̀rọ tó ń yí irin kí ọ̀bẹ lè gé e) ti lọ nìyẹn, kò sí Ctrl+Z fún un. Orí kọ̀ǹpútà, nínú CAD tí a fi ń ya àwòrán ohun tí a fẹ́ gé, ló ti ṣeé dá padà, ìyẹn ló sì ń tan ọ̀pọ̀ nínú wa jẹ.

Ẹ jẹ́ ká fi shaft (ọ̀pá tó ń yí) ẹ̀rọ tí àwọn onígàárì fi ń rin ẹ̀gẹ́ ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀pá irin 32 mm la rà, bearing 6205 (òrùka tí ọ̀pá ń yí nínú rẹ̀) tí ihò rẹ̀ jẹ́ 25 mm yóò wọ orí rẹ̀ méjèèjì, keyway kan (kòtò tóóró tí irin kékeré tó ń di pulley mọ́ ọ̀pá máa ń wọ̀) yóò sì wà fún pulley. FreeCAD ni mo ń lò torí pé ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn àṣìṣe yìí ò yan sọ́fítíwia.

Èyí tí mo máa ń rí jù ni kí ènìyàn ya shaft tó ti parí sínú sketch (àwòrán pẹlẹbẹ) kan ṣoṣo, kó yí i po, kó sì pa kọ̀ǹpútà dé. Àwòrán yẹn dára fún ẹni tó fẹ́ ra shaft. Ẹni tó fẹ́ gé e kò rí nǹkan kan mú níbẹ̀. Irin tí ẹ rà ni kí ẹ kọ́kọ́ yà: 32 mm nípọn, 406 mm ní gígùn bí shaft yóò bá parí sí 400. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá máa gé e bí ẹ ó ṣe gé e gan-an: ojú kan, ihò center (ihò kékeré láàárín orí ọ̀pá), ìjókòó bearing, ẹ yí i padà, ojú kejì, ìjókòó kejì, keyway. Iṣẹ́ kan, feature (ìgbésẹ̀ nínú àwòrán) kan. Ẹ má sì fi orúkọ tí FreeCAD fún un, bíi “Pocket003”, sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. “10 Ojú”, “20 Center”, “30 Bearing òsì” ni mo máa ń kọ, kí àyè lè wà fún 15 bí mo bá gbàgbé nǹkan.

Ẹ má ṣe fáìlì ọ̀tọ̀ fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Èmi náà ti ṣe é rí: shaft1, shaft2, shaft-ìkẹyìn, shaft-ìkẹyìn2. Oníbàárà ní òun ti yí ọkàn padà, bearing 6206 tí ihò rẹ̀ jẹ́ 30 mm lòun fẹ́. Mo tún ìkẹyìn ṣe, mo gbàgbé èyí tó wà láàárín, òun sì ni ọmọ iṣẹ́ tẹ̀ jáde. Ó gé e sí 25. Ọ̀pá odidi ṣòfò. Body kan ṣoṣo, tó kó gbogbo feature shaft náà pọ̀, ti tó. Ẹ tẹ apá ọ̀tún máúsì lórí iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fi hàn, ẹ yan “Set tip”, shaft yóò dúró bó ṣe máa rí lẹ́yìn iṣẹ́ yẹn, ẹ ó sì gbé e jáde bẹ́ẹ̀. Ẹ má gbàgbé láti dá tip padà sí iṣẹ́ tó kẹ́yìn nísàlẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àárín ni iṣẹ́ tí ẹ bá tún fi kún un yóò lọ jókòó sí. Kí ìwọ̀n gbogbo wà nínú Spreadsheet (tábìlì inú FreeCAD), kí ó lè jẹ́ ibì kan ṣoṣo lẹ ó ti yí i.

Ibi tí ẹ bá so sketch mọ́ tún ṣe pàtàkì. Ojú irin tí iṣẹ́ tó kàn máa gé dànù kì í ṣe ibi ìsosí. Ojú tí FreeCAD pè ní Face6 lónìí lè di Face9 lọ́la nítorí pé ẹ gé etí kan, keyway yóò sì fò lọ sí apá kejì. FreeCAD 1.0 tó jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2024 dín wàhálà yìí kù, kò pa á rẹ́. Mo ṣì ń so tèmi mọ́ Origin (ojú òdo àwòrán, tí kì í yí padà), mo sì ń wọn gbogbo gígùn láti ojú kan náà, bí ẹni tó wà nídìí lathe ṣe ń ṣe.

Ẹ má ya ohun tí ọ̀bẹ ò lè gé. Shaft 25 mm máa ń gba keyway tó fẹ̀ ní 8 mm, tó sì jìn ní 4 mm. Bí end mill (ọ̀bẹ roboto tó ń yí) bá gé e, orí keyway náà yóò rí roboto, kò ní ní igun. Ẹ má sì fi keyway ṣáájú ìgékẹ́yìn ìjókòó pulley, àfi bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ kọ-kọ-kọ lẹ́nu ọ̀bẹ. Ẹ má ya 25.01 nítorí bearing: ẹ fi 25 sílẹ̀, ẹ kọ k6 sórí àwòrán, àmì ìwọ̀n tí a gbà láàyè láti fi lé 25 yẹn, èyí tó túmọ̀ sí +0.002 dé +0.015 mm. Ihò tí bóòtù M8 yóò wọ̀ náà, ẹ yà á ní 6.8 mm lásán, láìya thread inú rẹ̀. Thread yíyà ń mú kọ̀ǹpútà wúwo ni.

Kí ẹ tó fi àwòrán ránṣẹ́, ẹ wo iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kí ẹ bi í pé: níbo ni chuck (ẹnu lathe tó ń di irin mú) yóò ti dì í mú? Bó bá jẹ́ ìjókòó bearing tó ti parí ni, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n fi bàbà pẹlẹbẹ wé e, kí eyín chuck má baà gé e jẹ.