Ta Ló Pa Ilà Ojú Ọba Rẹ́? Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Iṣẹ́ Ìwádìí Àwòrán Kọ̀ǹpútà

Àwọn ọmọ tó fẹ́ fi àwòrán kọ̀ǹpútà ṣe iṣẹ́ ìwádìí máa ń yà kí mi nílé ní Ilé-Ifẹ̀ níbí. Wọn ò ní tíì jókòó dáadáa tí wọ́n á ti na fóònù sí mi: "Ẹ wo eléyìí, sà." Mọ́tò tó ń dán ni, tàbí róbọ́ọ̀tì. Á wù mí, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá bi wọ́n pé báwo ni kọ̀ǹpútà ṣe mọ ibi tó yẹ kó dán lára mọ́tò yẹn, ilé á pa rọ́rọ́.

Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Blender, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe irú àwòrán bẹ́ẹ̀, dára, ọ̀fẹ́ ni, èmi náà ń lò ó. Àmọ́ ẹni tó mọ dùndún jó lè má mọ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹ, gbígbẹ́ ìlù sì ni ìwádìí. Bui Tuong Phong, ọmọ Vietnam tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Utah, kò ní Blender lọ́wọ́ nígbà tó kọ ìwé oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní 1973. Ìṣirò ló fi ṣàlàyé bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń dán lára nǹkan, a ṣì ń lò ó dòní. Ẹ má tìtorí pé ẹ rí C gbà nínú linear algebra, ẹ̀ka ìṣirò tó wà nídìí iṣẹ́ yìí, kí ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kí ẹ wá pa ìwé náà dé.

Èyí tó tẹ̀lé e, èmi gan-an ni mo ṣe é.

Mo ra orí amọ̀ kékeré kan, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣàfarawé àwọn orí idẹ tí wọ́n hú jáde ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938. Ilà tín-ín-rín bo gbogbo ojú rẹ̀, láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Mo fi fóònù ya á yíká yíká, mo kó àwọn fọ́tò náà fún kọ̀ǹpútà, ó sì hun àwọ̀n kan jáde fún mi, onígun mẹ́ta kéékèèké tó so mọ́ra wọn tó wá di ara orí náà. Àwọ̀n náà rí ṣágiṣàgi bí ojú tí irorẹ́ bò. Mo ní kí n mú un dán. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni mo gbà: kí n mú ojúàmì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ibi tí igun àwọn onígun mẹ́ta ti pàdé, kí n sún un sí àárín àwọn tó yí i ká. Ìgbà 50 ni mo ṣe é. Orí bá ń dán bí ẹyin. Mo fi ayọ̀ gbé e lọ han ìyá ìyàwó mi. Màmá wò ó títí, wọ́n ní, "Ta ló pa ilà ojú ọba yìí rẹ́? Ó mà tún rù!"

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Irú dídán bẹ́ẹ̀ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín àléébù kámẹ́rà àti ilà tí oníṣọ̀nà fọwọ́ ara rẹ̀ fà, gbogbo nǹkan ló sì máa ń mú sunkì. Onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, Gabriel Taubin, ti fi oògùn sísunkì yẹn hàn láti 1995: tí ẹ bá ti fà á wọlé, ẹ tún tì í jáde díẹ̀ ju bí ẹ ṣe fà á lọ. Ó wà nílẹ̀, èmi ni mi ò kà á. Ti ilà ojú ò sí nínú ìyẹn o, ọ̀nà mìíràn ló ń fẹ́, èyí tó ń kọ́kọ́ wo ibi tí ara nǹkan ti ṣẹ́ kọ́rọ́ kó tó fọwọ́ kàn án.

Ẹ má sì fi ehoro Stanford, àwọ̀n kọ̀ǹpútà kan tí gbogbo ayé fi ń dánra wò, nìkan dán iṣẹ́ yín wò. Láti 1994 ni wọ́n ti ń lo ehoro onígun mẹ́ta 69,451 yìí káàkiri ayé, òun náà sì ní ihò nísàlẹ̀. Kí ẹ lè mọ̀ bóyá tiyín náà ní ihò, ẹ ka ojúàmì inú àwọ̀n yín, ẹ yọ iye etí, ìyẹn ìlà tó so ojúàmì méjì pọ̀, kúrò nínú rẹ̀, ẹ ro iye onígun mẹ́ta mọ́ ọn. Nǹkan tó bá dé pọ̀ yípo bí bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ fún yín ní 2, òrùka á fún yín ní 0. Euler, onímọ̀ ìṣirò, ló kọ́ wa. Lọ́jọ́ tí mo ka ti orí amọ̀ mi, −3 ni mo rí dípò 2. Ihò kọ̀ọ̀kan ló ń yọ 1 kúrò, ihò márùn-ún nìyẹn, èmi ò sì rí ọ̀kan ṣoṣo tẹ́lẹ̀.

Ní ti títẹ ìwádìí jáde, jọ́nà ni ọ̀pọ̀ ilé ìwé wa ń kà fún ìgbéga, kò burú. Ṣùgbọ́n àpérò ni ojúlówó ọjà iṣẹ́ yìí: SIGGRAPH láti 1974, Symposium on Geometry Processing láti 2003. Jọ́nà tó bá ní kí ẹ sanwó lónìí kí òun tẹ̀ ẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ sá fún un.

Tí ẹ bá ń wá ọ̀jọ̀gbọ́n tó máa tọ́ yín sọ́nà nínú PhD, ẹ má kọ lẹ́tà kan náà sí ogójì nínú wọn, kí ẹ kàn máa pààrọ̀ orúkọ. Wọ́n máa ń mọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ẹ̀ka kọ̀ǹpútà ń gba ẹni tó ní oyè àkọ́kọ́ sínú PhD tààrà. Jámánì ló sábà máa ń béèrè másítà.

Ẹ sì wo agogo dáadáa. Ọ̀pọ̀ àpérò ló ń kọ "Anywhere on Earth" sí gbèdéke wọn, ìyẹn ibi tí ọjọ́ ti ń parí kẹ́yìn jù lọ láyé. Tí ọjọ́ náà bá parí níbi tí wọ́n ń wí yẹn, aago kan ọ̀sán ọjọ́ kejì ló ń lù nílẹ̀ wa. Ọ̀rẹ́ mi kan rò pé ọ̀gànjọ́ òru wa ni. Aago méjìlá lù, iṣẹ́ rẹ̀ ku ojú ìwé méjì, ó pa laptop dé, ó lọ sùn. Wákàtí mẹ́tàlá ṣì kù.